RAID

RAID jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń so díìsìkì púpọ̀ pọ̀ kí kọ̀ǹpútà lè máa lò wọ́n bí ẹyọ kan ṣoṣo. Ó wọ́pọ̀ nínú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ó ń pèsè dátà fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, àti nínú àpótí díìsìkì tí a ń so mọ́ sáfà láti ìta. Ète rẹ̀ ni kí àwọn díìsìkì olówó pọ́ọ́kú lè ṣe iṣẹ́ díìsìkì ńlá tí ó wọ́n, kí dátà má sì ṣègbé bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́.

Ìtàn

Ní ọdún 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ti Yunifásítì California ní Berkeley gbé àpilẹ̀kọ kan kalẹ̀ ní ìpàdé SIGMOD, ìpàdé àwọn onímọ̀ ibùdó dátà, ní ìlú Chicago. Wọ́n fi díìsìkì ńlá IBM 3380 wé Conner CP3100, díìsìkì kékeré tí ó wà fún kọ̀ǹpútà àdáni.

Ìṣòro tí wọ́n tọ́ka sí ni pé bí díìsìkì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìbàjẹ́ ń yá sí i. Bí díìsìkì kan bá lè lo wákàtí 30,000 ní ìpíndọ́gba kí ó tó bàjẹ́, nínú 100 irú rẹ̀, ọ̀kan yóò máa bàjẹ́ ní wákàtí 300, èyí tí kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ojútùú wọn ni kí a fi àfikún dátà pamọ́ tí a ó fi lè tún èyí tí ó sọnù kọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́tà I nínú orúkọ náà dúró fún "olówó pọ́ọ́kú". Lẹ́yìn náà ni ó di "adádúró".

Àwọn ìpele

Àwọn tí a sábà ń lò nìyí:

- RAID 0: a pín dátà sórí gbogbo díìsìkì. Ó yára, ṣùgbọ́n kò ní ààbò kankan.
- RAID 1: díìsìkì méjì ní ẹ̀dà dátà kan náà.
- RAID 5: a ń ṣírò párítì láti inú dátà, a sì ń pín in káàkiri. Díìsìkì kan lè bàjẹ́ láìsí àdánù.
- RAID 6: ó ní párítì méjì, nítorí náà díìsìkì méjì lè bàjẹ́.
- RAID 10: a so díìsìkì ní méjì-méjì bí ti RAID 1, a sì pín dátà sórí wọn bí ti RAID 0.

Yíyàn fún ibùdó dátà

Bí díìsìkì mẹ́rin bá wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba tẹ́ràbáìtì 2, RAID 5 yóò fi tẹ́ràbáìtì 6 sílẹ̀ fún dátà, RAID 10 yóò sì fi 4 sílẹ̀. Lójú owó, RAID 5 ló dára jù. Ṣùgbọ́n láti yí ìwọ̀nba dátà kékeré padà lórí RAID 5, a ó ka dátà àtijọ́ àti párítì àtijọ́, a ó sì kọ tuntun méjèèjì: ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Méjì péré ni RAID 10 nílò. Nítorí náà, RAID 10 yẹ ibùdó dátà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń yí padà nígbà gbogbo, RAID 5 tàbí 6 sì yẹ èyí tí a ń kà ju bí a ti ń kọ ọ́ lọ.

Lórí Linux, ètò md lè ṣe RAID láìsí káàdì pàtàkì, nítorí náà àpótí lásán lè tó. Bí a bá ra káàdì tí ó ń tọ́jú dátà fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó kọ ọ́ sórí díìsìkì, ó yẹ kí ó ní bátìrì tàbí ààbò mìíràn. Láìsí èyí, bí iná bá lọ lójijì, àkọsílẹ̀ tí ibùdó dátà ti kà sí èyí tí ó parí lè sọnù.

Ààlà

RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa àkọsílẹ̀ rẹ́, RAID yóò pa á rẹ́ lórí gbogbo díìsìkì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sì lè gba dátà lọ́wọ́ olè tàbí iná tí ó jó àpótí. Lórí RAID 5, bí díìsìkì kejì bá bàjẹ́ kí àtúnkọ ti àkọ́kọ́ tó parí, dátà yóò ṣègbé. Apá kan nínú owó tí a bá yà sọ́tọ̀ fún díìsìkì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹ̀dà tí a ó tọ́jú sí ibòmíràn, tí a ó sì máa dán wò bóyá ó ṣeé dá padà.