Ilé Tí Wọ́n Wó ní Ìta Tinúbú

Gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá ló mọ orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú, Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ní Ìta Tinúbú, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní Èkó, ilé àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí ìtàn sọ pé wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855, nígbà tí ìyá náà ṣì ń ṣòwò ní ìlú yẹn. Ní 1856 ni wọ́n lé e kúrò ní Èkó, tó wá sí Abẹ́òkúta. Ilé náà dúró lẹ́yìn rẹ̀ fún ọgọ́jọ ọdún. Ilojo Bar ni orúkọ rẹ̀.

Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ, bí àwọn Àgùdà ṣe ń kọ́lé. Àgùdà ni a ń pe àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, tí àwọn kan padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ọnà wà lára ògiri rẹ̀, wọ́n sì ń ta ọtí àti oúnjẹ níbẹ̀. Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya, ọmọ Ìjẹ̀ṣà Isu ní Èkìtì, rà á. Òun ni bàbá Victor Olaiya, afunfèrè tí àwọn bàbá wa àgbà jó sí orin rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó bá ń wádìí ilé ìtajà, irú ìwé rírà báyìí ló yẹ kó kọ́kọ́ wá, nítorí ògiri kì í sọ ẹni tó ni ín.

Ní 1956, ìjọba kéde ilé náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Òfin sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o. Ta ni yóò wá tún un ṣe? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹbí ló ni ilé, ìjọba ló ni òfin, òjò àti ikán kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Àwọn ẹbí ní ilé náà ti di ewu; àwọn tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fárígá. Lójú tèmi, mi ò lè dá ẹbí náà lẹ́bi tán. Ilẹ̀ àárín Èkó kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ lẹ́rán wò.

Àtúnṣe irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sì rọrùn. Àwa ará Pápálántò, tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò wà nítòsí wa láti 1960, rò pé kò sí ògiri tí sìmẹ́ńtì kò lè wò sàn. Ògiri àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n fi ẹfun ìkarahun sísun rẹ́, máa ń mí: omi tó bá wọ inú rẹ̀ á tún jáde. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi á há sínú, ògiri á máa rà lábẹ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ń dán. Ó yẹ kí bíríkìlà tó bá fẹ́ ṣe é kọ́ iṣẹ́ àwọn Àgùdà padà.

Ó ṣeé ṣe ṣá. Ojú irin tó gba ìlú wa kọjá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti Èkó ní 1896, ní ilé kan ní Èbúté Mẹ́ta tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí wọ́n ń pè ní Jaekel House. Ẹgbẹ́ Legacy àti àjọ ọkọ̀ ojú irin tún un ṣe, ó sì di ilé àkójọ ìtàn rélùwéè. Kò sí ẹbí tó ń retí owó ilé níbẹ̀. Ti Ilojo Bar ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí Jaekel House kò ní: ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ́ ibi ìtajà tẹ́lẹ̀, èrò kì í sì í wọ́n ní Ìta Tinúbú. Owó oúnjẹ tí wọ́n bá tà níbẹ̀ ì bá máa ra pákó àti páànù.