Omi Kò Ní Ọ̀tá: Ìtàn Omi Gbígbóná Ìkògòsì

Àwa ọmọ Ìbàdàn fẹ́ràn ìtàn ogun. Bí a bá jókòó ní Ọjà'ba, ọjà tí orúkọ oyè Ìbà Olúyọ̀lé wà lára rẹ̀ títí di òní, tàbí ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó, kì í pẹ́ tí àgbà kan yóò fi mẹ́nu ba Ààrẹ Látòósà àti ogun Kírìjì. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ orúkọ Èkìtì, ìbọn ni ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn.

Ní ọdún 1878 ni Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ogun sì gbóná. Látòósà kú ní àgọ́ ogun ní ọdún 1885. Ní ọdún 1886, ìjọba Èkó rán Samuel Johnson, tí ó ti ṣe olùkọ́ni ní Ìbàdàn rí, àti Charles Phillips láàárín àgọ́ méjèèjì, títí a fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, omi kan ń sun nínú igbó tí kò jìnnà sí Òkèmẹ̀sí, kò sì béèrè ẹni tí í ṣe ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Èkìtì. Omi náà ni mo fẹ́ kí òǹkàwé bá mi lọ wò.

Ìkògòsì ni orúkọ ìlú náà. Ẹni tí ó ti Ìbàdàn lọ yóò la Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá kí ó tó wọ àárín àwọn òkè Èkìtì. Lábẹ́ ìbòòji igi ńláńlá, omi méjì ń sun láti orísun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù. Wọ́n ń ṣàn títí wọ́n fi pàdé, ènìyàn sì lè ki ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, kí ó ki èkejì bọ tútù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Kí ni ó ń mú un gbóná? Kì í ṣe òkè tí ń yọ iná. Òjò tí ó rọ̀ sórí òkè ni ó ń gba inú ẹ̀là àpáta wọ ilẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀ ti ń jìn ni ooru ń pọ̀; omi a gbóná níbẹ̀, a sì gba ẹ̀là mìíràn jáde kí ó tó tutù tán. Àwọn ìwé kan pe ooru rẹ̀ ní 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tí ó wọ̀n ọ́n rí i pé nǹkan bí 38 ni, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ooru ara ẹni tí ara rẹ̀ le.

Ọ̀pọ̀ ìwé tún wí pé John S. McGee, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ni ó ṣe àwárí omi yìí ní ọdún 1952. Ó sọ ibẹ̀ di àgọ́ fún ìjọ rẹ̀, òkìkí omi náà sì kàn. Ó yẹ kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìkògòsì ti ní ìtàn omi náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ọdẹ kan ni ó kọ́kọ́ bá a pàdé nínú igbó. Àwọn mìíràn ní ìyàwó méjì tí ọdẹ fẹ́ ni ó di omi: onínúfùfù di gbígbóná, oníwà pẹ̀lẹ́ di tútù. Ẹni tí kò bá gba ìtàn náà gbọ́, kí ó ṣáà mọ̀ pé a kì í pìtàn ohun tí a kò tíì rí. Ẹni tí ó kọ orúkọ odò sínú ìwé kọ́ ni ó kọ́kọ́ bu omi rẹ̀ mu.

Lónìí, ọgbà ìgbafẹ́ ni ibẹ̀, a sì ń san owó ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan ń kùn sí i. Lójú tèmi, ilé àti ọgbà ni a ń san owó fún. Omi fúnra rẹ̀ kò ní iye. Gbèsè tí a jẹ ẹ́ ni pé kí a má da ìdọ̀tí sí i, kí a má gé igbó tí ó ṣíji bò ó, kí a sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó ti ń tọ́jú rẹ̀ kí ìwé tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Àwọn baba ńlá wa gbé ìbọn lọ sí Èkìtì. Ẹ jẹ́ kí àwa gbé aṣọ ìnura lọ.