Àwo gíláàsì ìyá àgbà: Ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò kí ẹ tó tà á

Kí ẹ tó gbé àwo gíláàsì àtijọ́ fún ẹni tó ń kiri fi ike ṣe pàṣípààrọ̀ ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà Àkókó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ná.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́: Gíláàsì tí wọ́n fi mọ́ọ̀dù tẹ̀ sábà máa ń ní ìlà níbi tí mọ́ọ̀dù ti pàdé. Tí ọnà ara rẹ̀ bá mú lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gígé ni wọ́n gé e.

Ìdí àwo: Orí ọ̀kín ni àmì Sowerby, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1876. Nọ́ńbà ìdí ife Duralex ti ilẹ̀ Faransé, nọ́ńbà mọ́ọ̀dù ni, kì í ṣe ọdún.

Àwọ̀: Tí èyí tó dà bí ewé bá tàn yòò lábẹ́ iná tí wọ́n fi ń dá ayédèrú owó mọ̀, ó ṣeé ṣe kó ní yuréníọ̀mù. Àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ máa ń wá a.

Iye: Èyí tí kò sán, tí etí rẹ̀ kò kán, tó sì pé bí wọ́n ṣe tà á, ló ń pa owó. Ẹ má fi yanrìn fọ̀ ọ́ o. Ogún ìyá kì í ṣe pàǹtí.