Ibo ni àwọ̀ ara ẹyin Íísítà ti wá?

Thread díẹ̀ rèé lórí ẹyin aláwọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ ya fídíò ẹyin Íísítà nílé wa n'Ísọlọ̀. Mo lọ sọ́jà l'Óṣòdì, mo ra aró àlùkò oníyẹ̀fun nínú ọ̀rá kékeré. Kò ní lébẹ́ẹ̀lì kankan. Mo bi ìyá tó tà á bóyá ó ṣeé jẹ. Ó ní, "Ọmọ mi, ó dáa fún kéèkì, ó dáa fún aṣọ." Ó yẹ kí n ti sá látibẹ̀! Nígbà tí mo bó ẹyin àkọ́kọ́, àlùkò ti wọnú funfun ẹ̀ lọ. Màámi wò ó, wọ́n ní, "Ṣé àdìrẹ lò ń ṣe ni?" Ẹyin méjìlá la dà nù. Ẹyin ayé ìsinsìnyí! Inú bí mi, mo lọ ka ìtàn ẹ̀.

Láyé àtijọ́, àwọn Kristẹni Yúróòpù kì í jẹ ẹyin nínú ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì. Adìyẹ ò sì gbààwẹ̀ ní tiẹ̀, ó ń yé lọ ni. Tó bá fi máa di Àjíǹde, ẹyin ti kún ilé. Wọ́n á sè é, wọ́n á kùn ún, wọ́n á fi ta ara wọn lọ́rẹ. Ìwé ìnáwó ààfin Ọba Edward Kìíní ti England, ọdún 1290, sọ pé wọ́n ná pẹ́ǹsì 18 sórí ẹyin 450 tí wọ́n kùn, tí wọ́n sì fi góòlù bò. Mẹ̀kúnnù ò rí góòlù o, èèpo àlùbọ́sà ni wọ́n fi ń se tiwọn. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè bóyá ó ṣeé jẹ, torí ilé ìdáná ló ti wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyí. Nígbà ìsinmi Íísítà ọdún 1856, William Henry Perkin, ọmọ ọdún 18 ní London, wà nílé tó ń gbìyànjú láti ṣe quinine, oògùn ibà. Ibà wa yìí kan náà! Kò rí quinine ṣe. Ìdọ̀tí dúdú kan ló rí, ìgbà tó fi ọtí líle fọ igò ni ó bá di àlùkò. Inú ọ̀dà èédú ni ohun tó fi ṣe é ti jáde. Bí aró iléeṣẹ́ ṣe gbòde nìyẹn. Kó tó di 1900, wọ́n ti ń ta aró ẹyin tí wọ́n ń pè ní Paas ní Newark, l'Amẹ́ríkà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú lásán ò lè dá aró aṣọ àti aró ẹnu mọ̀ yàtọ̀.

Àwa ará Ìsọlọ̀ ló yẹ kó mọ ìyẹn jù. Ọjà Aswani tí à ń ná lọ́jọ́ Túsìdeè, iléeṣẹ́ aṣọ ló fún un lórúkọ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá kan náà ni NAFDAC, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, ní ọ́fíìsì n'Ísọlọ̀. Àwọn náà ló ń kìlọ̀ nípa epo pupa tí wọ́n fi aró Sudan pọ́n. Aró iléeṣẹ́ ni Sudan, kì í ṣe ti ọbẹ̀.

Àbí àwa ò ní aró ẹnu ni? Ẹ wo wàrà pupa tí wọ́n ń tà lápá Benin: èèpo pòròpóró ọkà bàbà ni wọ́n fi ń sè é kó lè pọ́n. Òun náà ló ń kun wáákyè àwọn ará Ghana.

Ká sòótọ́, ẹyin kíkùn kì í ṣe àṣà àwọn ìyá wa. Gálílì ni tiwọn, Mọ́ńdè Àjíǹde, ìrẹsì nínú kúlà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Lọ́dún yìí, ẹ̀kúnwọ́ èèpo àlùbọ́sà mẹ́ta ni mo sè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo sẹ́ ẹ, mo fi ṣíbí fínígà kan sí i kí àwọ̀ lè di èèpo ẹyin mú, mo wá kó ẹyin sí i. Ó pọ́n bí ìkòkò amọ̀. Ti zobo ò pọ́n rárá, ó wà láàárín eérú àti búlúù. Màámi ti jẹ méjì kí n tó ya fídíò tán.