Rédíò Ló Sun Kọ́ìlì

Ní 1976, ọdún tí IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, inú Peugeot 404 ẹ̀gbọ́n bàbá mi la ti ń gbọ́ bọ́ọ̀lù ní Ìdèrè. Rédíò mọ́tò yẹn kì í fọhùn àfi tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ kan, a gbọ́ bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kọ́kọ́rọ́ wà ní ṣíṣí, ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́.

Ilẹ̀ ṣú tán, wọ́n ní ká gbé aboyún kan lọ sí ọsibítù ní Igbó-Ọrà. Mọ́tò kọ̀ jálẹ̀. Àfi ìgbà tí bọ̀lẹ́kájà kan tó ń ti Ìgàngán bọ̀ ṣàánú wa. Obìnrin náà bímọ láyọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ríwáyà fọwọ́ kan kọ́ìlì, ó ní, "Bàbá, ẹ ti sè é jinná." Mo rò pé àwàdà ni.

Kọ́ìlì kì í ṣe nǹkan àná. Àlùfáà Àgùdà kan ní Ireland, Nicholas Callan, ṣe irú rẹ̀ ní 1836. Ní Amẹ́ríkà, Charles Kettering sọ ọ́ di ohun tí bátìrì fi ń ṣáná fún mọ́tò. Cadillac ti 1910 ló kọ́kọ́ lò ó. Iná fóòtì 12 ló ń wọlé, ó lè lé ní 10,000 kó tó dé plọ́ọ̀gì. Ìgbà tí kọ́ńtáàtì inú dísítíríbútọ̀ bá ṣí ni iná yìí ń fò. Tí ẹ́ńjìnnì bá dúró nígbà tí kọ́ńtáàtì wà ní pípadé, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà ní ṣíṣí, iná á máa gba inú kọ́ìlì láìsinmi, títí ohun tí wọ́n fi bo wáyà inú rẹ̀ yóò fi jó.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní 1975, mọ́tò di púpọ̀, kọ́ìlì oríṣiríṣi sì di púpọ̀ lọ́jà. Èyí tó bá ti wọ ibẹ̀ ni wọ́n ń dè mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní mọ́tò tirẹ̀! Volkswagen Ìjàpá pàápàá, bátìrì fóòtì 6 ló ń lò títí di nǹkan bí 1967. Kọ́ìlì mìíràn wà tó jẹ́ pé rẹsísítọ̀ kan ló ń bá a dín iná kù. Ẹ yọ rẹsísítọ̀ yẹn, iná tó ń wọlé lè di ìlọ́po méjì: ó dà bí ẹni tan gílóòbù 100 wáàtì sínú agolo.

Àkísà tútù ni oògùn àwọn awakọ̀ wa nígbà náà, láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà. Wọn á rẹ ẹ́ sómi, wọn á wé e mọ́ kọ́ìlì bí ẹni tí ibà ń ṣe. N ò bú wọn, ó ń gbé èèyàn délé. Àwọn tó gbọ́n jù ṣí kọ́ìlì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n dè é síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ra kọ́ìlì tó bá mọ́tò mu, wọ́n sì ra rédíò kékeré oníbátìrì. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé e lé bí bọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò á wà nínú àpò wọn.