Bí ògiri inú ilé ṣe lè ní ojú iyanrìn tó kúnná

Ògiri olójú iyanrìn ni èyí tí birikilà rẹ́ tí kò dán bíi díńgí. Béèyàn bá fọwọ́ pa á, yóò mọ iyanrìn lára ẹ̀, àmọ́ kò ní họ ọ́ lọ́wọ́.

Iyanrìn: Kí wọ́n lo èyí tí kò ní ẹrẹ̀, kí wọ́n sì fi asẹ́ olójú kéékèèké sẹ́ ẹ. Òkúta wẹ́wẹ́ kan péré ti tó láti fa ojú ògiri ya. Iyanrìn etí òkun kò dáa, torí iyọ̀ inú ẹ̀ máa ń ṣí ọ̀dà.

Pípò: Garawa sìmẹ́ǹtì 1 sí garawa iyanrìn 5.

Rírẹ́: Ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi sára búlọ́ọ̀kù, kó má baà fa omi inú sìmẹ́ǹtì mu. Kó nípọn tó mìlímítà 12 sí 15. Tí wọ́n bá ti fi pákó gbọọrọ tẹ́ ẹ dọ́gba, kí wọ́n dúró. Ìgbà tí àtàǹpàkò bá tẹ̀ ẹ́ tí kò rì mọ́ ni kí wọ́n fi fóòmù tó rin díẹ̀ pa á yípoyípo. Irin dídán máa ń tẹ iyanrìn rì ni.

Ẹ ṣọ́ra o: Àwọn birikilà kan máa ń bu sìmẹ́ǹtì gbígbẹ lé ògiri tútù, kó lè tètè gbẹ. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ojú ẹ̀ sán wẹ́wẹ́. Ògiri tó bá ti lanu, ọ̀dà lásán kì í sábà lè bò ó.

Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, kẹ́ ẹ sì fún un ní bí ọ̀sẹ̀ 4 kẹ́ ẹ tó kùn ún.