Nọ́ọ̀sì Gẹ́gẹ́ Bí Agbẹnusọ Aláìsàn àti Aṣáájú Níbi Iṣẹ́: Ìtàn Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Wa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nọ́ọ̀sì ṣe di agbẹnusọ aláìsàn ní ilé ìwòsàn ilẹ̀ wa yóò wá a títí kó tó rí ohun kà. Ìwé àwọn ìjọ sọ tiwọn, ìwé ìjọba sọ tirẹ̀, àwọn ará Ìlú Ọba sì kọ èyí tó kàn wọ́n. Níbòmíràn, ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu. Ìdí nìyí tí mo fi kó o jọ síbí fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì àti ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn ìtàn.

Ìbẹ̀rẹ̀

Àwọn ìyá àgbà àti agbẹ̀bí ló ń tọ́jú aboyún àti aláìsàn kí òyìnbó tó dé. Ilé ìwòsàn Ìjọ Àgùdà ní Lantoro, Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ní 1895. Ti Wesley Guild ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ ní 1912. Ní irú ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ òyìnbó. Ní 1947 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Ta ni àkọ́kọ́?

Ibí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ ìwé ń pe Kofowórọlá Abẹ́ní Pratt, ọmọ Èkó, ní nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú NHS, ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Annie Brewster, aláwọ̀ dúdú ọmọ erékùṣù Caribbean, ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù láti àwọn ọdún 1880. Adénrelé Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, kọ́ṣẹ́ ní Guy's Hospital, ó sì gba ìwé ẹ̀rí ní 1941, débi pé ìjọba amúnisìn ṣe fíìmù nípa rẹ̀ nígbà ogun Hitler. Ti NHS náà gba àlàyé. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje 1948 ni ìjọba gba àwọn ilé ìwòsàn, gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sì di ti NHS lọ́jọ́ kan náà. Pratt ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Ìdájọ́ mi ni pé kí a máa pè é ní ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́. Èyí kò bu iyì rẹ̀ kù, nítorí ohun tó ṣe ní Ìbàdàn tóbi ju oyè yẹn lọ.

Pratt ní Lọ́ńdọ̀nù àti Ìbàdàn

Nǹkan bí 1915 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kó ṣe nọ́ọ̀sì, torí náà iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ ṣe ní iléèwé CMS Girls' School ní Èkó. Ní 1946 ló wọ iléèwé Nightingale ní St Thomas' Hospital. Aláìsàn kan kọ̀ kó fọwọ́ kan òun nítorí àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tìtorí ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tó padà sílé ní 1954, àwọn òyìnbó ló ṣì di ipò olórí wọ́ọ̀dù mú. UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn, ló ti ṣiṣẹ́ dé ipò matron, ìyẹn olórí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn; òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga náà. Ẹ má fojú kékeré wo ipò yìí. Dókítà á yẹ aláìsàn wò, á sì kọjá. Nọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀ tọ̀sántòru, òun ló mọ ẹni tí oògùn kò bá lára mu àti ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Bí kò bá sí nọ́ọ̀sì kankan níbi tí wọ́n ti ń pín owó àti òṣìṣẹ́, ohun tó mọ̀ yẹn kò ní kọjá wọ́ọ̀dù. Ní 1965, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, Pratt sì wà nídìí rẹ̀. Ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba àpapọ̀; ó gba àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale ní 1973; láti ọdún yẹn dé 1975, òun ni kọmíṣọ́nnà ètò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó kú ní 1992. Justus Akinsanya kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ní 1987.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò ju títẹ̀lé àṣẹ dókítà lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò yẹ fún àríyànjiyàn, nítorí iṣẹ́ tó dá dúró ni: láti 1953 ni ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì àgbáyé ti ní òfin ìwà tirẹ̀.

Láti ìgbà náà

Ní 1979, òfin so ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ ti agbẹ̀bí. Nígbà Ebola ní 2014, nọ́ọ̀sì Justina Ejelonu wà lára àwọn tó kú lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó. Ní 2024, àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn lórí ìlànà tuntun fún àwọn tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ní ìparí oṣù Keje 2025, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè lórí owó àjẹmọ́nú àti àìtó òṣìṣẹ́.

Ìtàn àwọn matron ìpínlẹ̀ àti ti àwọn nọ́ọ̀sì abúlé ló kù tí a kò tíì kọ. Ẹ̀yin tí ìyá yín tàbí àǹtí yín ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.